Joshua Johnson: ayàwòrán tí kì í kọ orúkọ sí iṣẹ́ rẹ̀

Ìbéèrè: Nínú àwòrán tó lé ní 80 tí wọ́n gbà pé Joshua Johnson ti ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà ló yà wọ́n, ẹyọ kan ṣoṣo ló buwọ́ lù, ìyẹn àwòrán Sarah Ogden Gustin. Báwo ni wọ́n ṣe dá àwọn yòókù mọ̀?

Ìdáhùn: Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi dá a mọ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo iṣẹ́ rẹ̀ yóò rí i pé àwọn tó yà kì í rẹ́rìn-ín, ètè wọn pa dé, ojú wọn sì tẹjú mọ́ ẹni tó ń wò wọ́n. Àga tí wọ́n jókòó lé sábà máa ń ní ìṣó idẹ tó tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Nínú àwòrán àwọn ọmọ Westwood, tó wà ní Washington báyìí, ọmọkùnrin mẹ́ta wọ aṣọ kan náà, ajá kan sì gbé ẹyẹ sẹ́nu lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ní 1939 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ J. Hall Pleasants kó irú àwọn àwòrán bẹ́ẹ̀ jọ sábẹ́ orúkọ Johnson.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé ènìyàn dúdú ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jiyàn lé e lórí. Nínú àwọn ìdílé tó ni àwòrán rẹ̀, wọ́n ti ń sọ ọ́ láti ìran dé ìran pé aláwọ̀ dúdú ló yà á, ìwé orúkọ àwọn ará Baltimore ti ọdún 1816 sì kà á mọ́ àwọn onílé dúdú tó jẹ́ òmìnira. Ohun tó parí iyàn náà ni ìwé tí wọ́n rí ní nǹkan bí ọdún 1990 sí 2000: ní 1764, òyìnbó kan, George Johnson, fi pọ́ùn 25 ra Joshua, tó ṣì jẹ́ ọmọdé, lọ́wọ́ William Wheeler, ní 1782, ó jẹ́wọ́ pé ọmọ òun ni, ó sì kọ ìwé òmìnira fún un, pé yóò bọ́ lóko ẹrú bó bá parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tàbí bó bá pé ọmọ ọdún 21. Ó dùn mí pé baba ní láti fowó ra ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ta ló wá kọ́ ọ ní àwòrán yíyà?

Ìdáhùn: Nínú ìpolówó tó gbé sínú ìwé ìròyìn ní oṣù Kejìlá ọdún 1798, ó ní òun ló kọ́ ara òun, àti pé ọ̀pọ̀ ìdènà tí apá kò ká ló dojú kọ òun. Àwọn kan rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti ìdílé Peale, àwọn ayàwòrán tó gbajúmọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni èmi gbà gbọ́. Àwọn oníṣòwò òyìnbó àti ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀. Nínú gbogbo àwòrán tí a mọ̀ ọ́n mọ́, ọkùnrin dúdú méjì péré la rí, a kò sì mọ orúkọ wọn dájú.