Ẹ Má Tíì Da Ìtọ̀ Náà Nù: Ohun Tí Ó Lè Sọ Nípa Ẹni Tó Ní Àárẹ̀ Ọkàn

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ẹbí aláìsàn kì í yé bi wá ní wọ́ọ̀dù: "Dókítà, ṣebí ọkàn Bàbá ni ẹ ní ó ń ṣàìsàn, kí ni ẹ tún ń fi ìtọ̀ wọn ṣe?" Ìbéèrè náà bójú mu, nítorí pé ẹni tí èémí rẹ̀ ń já, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú dé orúnkún, tí kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn lóru, kò jọ ẹni tí ìdáhùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú ike ìtọ̀. Síbẹ̀, nínú àwọn àyẹ̀wò tí a ń ṣe fún ẹni tí ó ní àárẹ̀ ọkàn, ìyẹn ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ, díẹ̀ ni ó rọrùn tó ti ìtọ̀, tí ó sì ń tètè fi hàn wá ibi tí àìsàn náà dorí kọ. Lójú tèmi, òun náà ni a ń fi ṣòfò jù ní Ìbàdàn níbí.

Nígbà tí ara bá le, bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni ó ń gba inú kíndìnrín méjèèjì kọjá. Nǹkan bí 180 lítà omi ni wọ́n ń sẹ́ lójúmọ́, wọn a sì dá èyí tó pọ̀ jù lọ padà sínú ẹ̀jẹ̀, tí a ó fi tọ ìwọ̀nba lítà kan sí méjì. Bí ọkàn bá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ń dé kíndìnrín yóò dín kù, èyí tí ó sì yẹ kí ó ti ibẹ̀ padà sọ́kàn yóò há sẹ́yìn, nítorí pé ọkàn kò ráyè gbà á. Kíndìnrín á wá máa ṣe bí ẹni pé omi ara ti ń tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í di iyọ̀ àti omi mú, bẹ́ẹ̀ omi ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ohun tí kíndìnrín bá tú sílẹ̀, àti ohun tí ó bá kọ̀ láti tú sílẹ̀, fi jẹ́ ìròyìn nípa ọkàn.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gba aláìsàn wọlé bẹ̀rẹ̀. Oògùn tí a kọ́kọ́ máa ń gún fún un ni èyí tí ń mú ni tọ̀, furosemide, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Lasix. Iyọ̀ ni a fẹ́ kí oògùn yìí lé jáde gan-an, nítorí pé ibi tí iyọ̀ bá wà ni omi ń tọ̀ lọ. Ènìyàn lè tọ̀ púpọ̀, kí ìtọ̀ náà sì mọ́ lóló, síbẹ̀ kí iyọ̀ inú rẹ̀ má tó nǹkan. Omi á jáde, iyọ̀ á ṣẹ́ kù sára, kò sì ní pẹ́ tí omi mìíràn yóò fi wá bá a. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn ọkàn ilẹ̀ Yúróòpù ṣe là á kalẹ̀ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2021 pé, ní nǹkan bí wákàtí méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, kí a gba ìtọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn, kí a sì wọn sodium, ìyẹn èròjà iyọ̀, tó wà nínú rẹ̀. Bí kò bá tó 50 sí 70 mílímóòlù nínú lítà kan, a jẹ́ pé oògùn kò tíì ran kíndìnrín bó ṣe yẹ. Ọ̀nà kejì kò tilẹ̀ nílò láàbù: bí ìtọ̀ wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́ kò bá tó 100 sí 150 mìlílítà ní wákàtí kan, ohun kan náà ni ó ń sọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a kì í dúró di ọ̀la. A máa ń sọ oògùn náà di ìlọ́po méjì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn tí sodium inú ìtọ̀ wọn kò gòkè lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń pẹ́ jù lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn náà sì ni ewu ikú sún mọ́ jù.

Ike tí a fi àmì ìwọ̀n sí lára kò wọ́n rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ Màmá ti jókòó tì wọ́n láti ìrọ̀lẹ́. Màmá tọ̀ sínú póò, ojú ń ti ọmọ nítorí àwọn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́, ó ju ìborùn rẹ̀ bò ó, ó yára gbé e lọ sí ilé ìtọ̀, ó dà á nù, ó fọ póò mọ́ tónítóní, ó gbé e padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé tòun ti ìwé àkọsílẹ̀, tí ó béèrè pé mélòó ni Màmá tọ̀, ìdáhùn tí yóò gbọ́ ni, "Wọ́n tọ̀ dáadáa, mà." Nọ́ọ̀sì kò rí ibi tí yóò kọ "dáadáa" sí. N kò bá ọmọ náà wí, ìfẹ́ àti ìtìjú ló mú un ṣe é, ẹnì kankan kò sì sọ fún un pé ohun tó dà nù yẹn ni a ó fi mọ̀ bóyá kí a fi kún oògùn ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ṣọ́ aláìsàn, ẹ jẹ́ kí ó máa tọ̀ sínú ike oníwọ̀n, ẹ kọ iye rẹ̀ àti aago sílẹ̀, kí ẹ tó dà á nù.

Kí n má baà sọ àsọdùn, wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní Groningen, ní ilẹ̀ Netherlands, lára 310 aláìsàn, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2023. Àwọn tí wọ́n fi sodium inú ìtọ̀ darí oògùn wọn tú iyọ̀ jáde ju àwọn yòókù lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa pé 180 ọjọ́, iye àwọn tó kú tàbí tí wọ́n tún dá padà sílé ìwòsàn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìtọ̀ ń tọ́ka sí ẹni tí ewu wà lórí rẹ̀, ó sì ń sọ bóyá oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Kò lè dá ọkàn tí ó ti bàjẹ́ padà sí bó ṣe wà.

Àmì kejì wà fún ọ̀nà jíjìn, òun ni albumin. Pùròtéènì inú ẹ̀jẹ̀ ni, ó sì tóbi ju ohun tó yẹ kí ó gba ojú kíndìnrín kọjá lọ, gẹ́gẹ́ bí èérí ògì kì í ṣe é gba ojú asẹ́ tó dára. Bí ó bá ń jò sínú ìtọ̀, ojú asẹ́ ti ń ṣí. Nínú ìwádìí CHARM, tí wọ́n yẹ ìtọ̀ 2,310 aláàárẹ̀ ọkàn wò, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2009, bí 30 nínú 100 ni albumin wọn ti kọjá ààlà díẹ̀, ti 11 nínú 100 sì ti kọjá a gan-an. Ewu kí wọ́n kú tàbí kí wọ́n tún padà sílé ìwòsàn ga lára àwọn méjèèjì, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ti àtọ̀gbẹ àti ti àìsàn kíndìnrín kúrò nínú ìṣirò.

Àyẹ̀wò tí ẹ ó béèrè fún ni ti albumin sí creatinine, ìyẹn ìdọ̀tí láti inú iṣan ara tí kíndìnrín máa ń lé jáde sínú ìtọ̀. Ká ní láàbù rí mílígíráàmù 45 albumin àti ìdajì gíráàmù creatinine nínú lítà kan ìtọ̀ yín: ẹ fi èkejì pín èkíní, ẹ ó rí 90, ìyẹn mílígíráàmù 90 albumin fún gíráàmù kan creatinine (mg/g). Bí ẹ bá mu omi púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìtọ̀ fi là sí ìdajì, albumin á di 22.5, creatinine á di ìdá kan nínú mẹ́rin gíráàmù, 90 náà ni ẹ ó tún rí. Creatinine ni kì í jẹ́ kí omi mímu tàn wá jẹ. Èyí tí kò tó 30 ni a kà sí déédéé, 30 sí 300 ti kọjá ààlà, èyí tó ju 300 lọ sì ga gan-an. Ìwé pẹlẹbẹ olóríṣiríṣi àwọ̀ tí wọ́n ń tì bọ ìtọ̀ sábà máa ń fo èyí tó wà láàárín 30 sí 300 dá, nítorí náà, kí wọ́n sọ fún yín pé "kò sí pùròtéènì" lórí rẹ̀ kò tíì parí ọ̀rọ̀.

Ní tiwa níbí, ọ̀rọ̀ albumin tún ní ẹ̀ka mìíràn. Ìwádìí THESUS-HF, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2012, fi hàn pé ọjọ́ orí 1,006 aláàárẹ̀ ọkàn tí wọ́n yẹ̀ wò jẹ́ 52 ní ìpíndọ́gba, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì fa àárẹ̀ ọkàn wọn jù. Ẹni tó ṣì ń lọ sọ́jà Bódìjà, tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní yunifásítì, nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń ba ọkàn jẹ́, ó ń ba kíndìnrín jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí èyí, ìyàtọ̀ inú àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní APOL1, tó ń mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́, wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá: nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2024 lára àwọn ará Nàìjíríà àti Ghana, bí 3 nínú 10 àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ló jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá. Nítorí náà, bí albumin bá pọ̀ nínú ìtọ̀ ará Ìbàdàn tó ní àárẹ̀ ọkàn, n kì í di gbogbo ẹ̀bi ru ọkàn. Mo máa ń fẹ́ kí oníṣègùn kíndìnrín náà fojú kàn án.

Àwọn àmì tuntun bíi KIM-1, NAG àti NGAL wà, wọ́n sì ń fi ìpalára ojú ọ̀nà kéékèèké inú kíndìnrín hàn, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ló ń lò wọ́n jù. Ẹ má tìtorí wọn yáwó.

Ẹni tó bá ń lo dapagliflozin tàbí empagliflozin fún ọkàn yóò rí ṣúgà rẹpẹtẹ nínú ìtọ̀ rẹ̀. Bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kò túmọ̀ sí pé àtọ̀gbẹ ti dé, kí ẹnikẹ́ni má sì dá a dúró nítorí rẹ̀. Ibuprofen àti diclofenac, tí a ń rà lọ́wọ́ onígbá oògùn fún ara ríro, ni kí ẹ yàgò fún: wọ́n máa ń di iyọ̀ mọ́ra, wọ́n sì ń sọ Lasix di aláìlágbára.

Fún albumin, ìtọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá tọ̀ lówùúrọ̀ ló dára jù. Ẹ sún àyẹ̀wò síwájú bí ibà bá ń ṣe yín, bí ìtọ̀ bá ń ta yín, bí ẹ bá ń ṣe nǹkan oṣù tàbí bí ẹ bá ṣe iṣẹ́ agbára lọ́jọ́ tó ṣáájú. Èsì kan ṣoṣo kò tó; nínú mẹ́ta tí a bá gbà láàárín oṣù mélòó kan, ó yẹ kí méjì ga kí a tó gbà pé òótọ́ ni. Kí ẹ sì wo ìwọ̀n tí láàbù kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, nítorí pé àwọn láàbù kan ń fi mílímóòlù (mmol) wọn creatinine dípò gíráàmù, 3 nínú mg/mmol sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 30 nínú mg/g dọ́gba, mo sì ti rí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti bọ́ láti 90 sí 9, nígbà tí ó jẹ́ pé láàbù ni ó pààrọ̀.