Ta ló ni láísẹ́ńsì orí ilẹ̀ yẹn? Bẹ́ẹ ṣe lè tọpa iṣẹ́ kùsà látorí fóònù yín

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Yábàá níbí ò ṣòro ṣàlàyé. Ìwé tí ìjọba àtàwọn ilé iṣẹ́ bá gbé jáde lórí kùsà, èmi ni mo máa ń tú u sínú tábìlì tí kọ̀ǹpútà lè kà, kí àwọn oníròyìn àti ọmọ ìlú lè mọ ẹni tó ń wa kí ni, níbo, àti èló ló san. Àwọn tó sì ń bi mí ní ìbéèrè jù ni àwọn tó ń ṣe ìpàdé ọmọ ìlú ní Sùúrùlérè àti Muṣin lọ́jọ́ Sunday, wọ́n á ní ṣé mo lè bá àwọn wo ẹni tó ń wa ilẹ̀ lóko bàbá àwọn. Mo lè bá yín wò ó o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lè wò ó. Nọ́ńbà méjì péré ni gbogbo ẹ̀ so mọ́, nọ́ńbà láísẹ́ńsì àti nọ́ńbà RC, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, tẹ́ẹ bá ti ní méjèèjì lọ́wọ́ kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀rọ̀ lọ́ yín lọ́rùn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibi tí láísẹ́ńsì ti ń wá. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ pé gbogbo ohun àlùmọ́nì tó wà nínú ilẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, torí náà kábíyèsí ò lè fún ẹnikẹ́ni ní láísẹ́ńsì kùsà, gómìnà náà ò lè fún un, bàbá onílẹ̀ tó gba owó lọ́wọ́ wọn ò lè fún un. Ọ́fíìsì kan ní Abuja tí wọ́n ń pè ní Mining Cadastre Office ló ń fún èèyàn, lábẹ́ òfin kùsà ti 2007, wọ́n sì ti gbé iṣẹ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2022, pẹ̀lú máàpù.

Orí máàpù yẹn, lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ wò. EL jẹ́ ti àyẹ̀wò, ọdún 3 ni wọ́n kọ́kọ́ ń fúnni, kéèyàn fi wo ohun tó wà nínú ilẹ̀ kó sì gbé sáńpù lọ fún àyẹ̀wò, kì í ṣe kó máa kó ọjà jáde. ML ni ti wíwà gan-an, ó lè tó ọdún 25. QL ni ti àwọn tó ń fọ́ òkúta, kì í ju ọdún 5 lọ kí wọ́n tó tún un gbà. SSML ni ti àwọn awakùsà kéékèèké. Tó bá wá jẹ́ pé EL ni ẹ rí lórí oko yín, síbẹ̀ tí típà ń jáde lóròòru, ìbéèrè ti délẹ̀ nìyẹn, ẹ ò nílò lọ́yà kẹ́ẹ tó mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé orúkọ ilé iṣẹ́ náà lọ sí CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, wíwá orúkọ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ibẹ̀ lẹ ti máa rí nọ́ńbà RC. Àmọ́ orúkọ ilé iṣẹ́ ò tó, torí ẹni tó ni í lè má sí lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé. CAMA, òfin ilé iṣẹ́ ti 2020, ló ní kí ẹni tó bá ní ìpín tó tó ìdá 5 nínú 100 jáde kó sọ orúkọ ẹ̀, CAC sì ti ṣí àkọsílẹ̀ yẹn fún gbogbo ayé láti 2023. NEITI, àjọ tó ń yẹ owó epo àti kùsà wò, ti ní tiwọn fún àwọn ilé iṣẹ́ epo àti kùsà láti ìparí 2019.

NEITI yìí náà ló ń gbé ìròyìn jáde lórí owó tí àwọn ilé iṣẹ́ san àti èyí tí ìjọba gbà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà tèmi ti bẹ̀rẹ̀. PDF ni wọ́n sábà máa ń fi síta, dátà inú PDF sì dà bí ẹja nínú fíríìsà tí wọ́n tì pa, ẹ̀ ń wò ó látojú gíláàsì ni. Èyí tó tún burú jù ni orúkọ: ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, lórí láísẹ́ńsì wọ́n kọ Ltd sí i, nínú ìwé owó wọ́n kọ Nigeria Limited, ẹni tó lọ san royalty, ìyẹn owó tí ìjọba ń gbà lórí ohun tí wọ́n bá wà, ní báńkì wá fi orúkọ ọ̀gá ẹ̀ sí i, kọ̀ǹpútà á ní ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni, á wá dà bíi pé ẹni tó ń wà ò sanwó, ẹni tó sanwó ò sì níbi tó ń wà. Mo ti fi odindi ọ̀sẹ̀ tú irú ẹ̀ rí, ó súni jàre. Tí wọ́n bá kọ nọ́ńbà RC àti nọ́ńbà láísẹ́ńsì sí ẹ̀gbẹ́ owó kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́jú mélòó kan ni. Owó kọ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é, mi ò sì gbà pé mímọ̀ ni wọn ò mọ̀.

Ẹ wo góòlù Ṣẹ̀gílọlá nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. 2021 ni góòlù àkọ́kọ́ jáde níbẹ̀, torí pé ilé iṣẹ́ tó ni í, Thor Explorations, ní ìpín lọ́jà ní Kánádà àti ní London, wọ́n gbọ́dọ̀ máa kéde iye góòlù tí wọ́n ń rí fún àwọn tó ra ìpín, ẹni tó jókòó sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Kánádà tún ní òfin láti 2015 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ kùsà tí òfin náà mú kéde owó tí wọ́n san fún ìjọba níbikíbi láyé. Ṣé ẹ ò rí i pé ọ̀dọ̀ òyìnbó la ti ń gbọ́ ohun tó ń jáde ní Ìjẹ̀ṣà! Àwọn tí ẹ̀rù wọn ń bà mí jù ni àwọn tí ò sí lórí ìwé kankan. Ní Zamfara lọ́dún 2010, àwọn èèyàn ń fọ́ òkúta góòlù nínú ilé, òjé inú ẹ̀ pa ọmọdé tó lé ní 400, ikú àwọn ọmọ yẹn ló jẹ́ káráyé mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀.

Ìwé kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ìlú ò mọ̀ pé ó yẹ kó wà. Abala 116 nínú òfin 2007 ní kí ẹni tó ní ML, SSML tàbí QL ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè pẹ̀lú ìlú kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: sukọ́láṣíìpù, ọ̀nà, omi, ilé ìwòsàn, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà ẹ̀ máa ń wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹnì kan ni, ìlú á máa gbọ́ ọ lẹ́nu. Ẹ béèrè fún un.

Kẹ́ẹ tó béèrè, ẹ ní kí àwọn ará ilé máa kọ ọjọ́, àkókò àti iye típà tó kọjá sínú ìwé kékeré kan, látẹ̀gbẹ́ títì o, kẹ́nikẹ́ni má lọ sínú ibi tí wọ́n ti ń wà á, kí wọ́n má sì ya fọ́tò àwọn ọmọ tó ń ṣe lébìrà níbẹ̀. Iye típà yẹn lẹ máa fi wé tọ́ọ̀nù tí ilé iṣẹ́ náà bá kọ fún ìjọba.

Òfin FOI ti 2011, èyí tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, lẹ máa fi béèrè. Ẹ ò ní ṣàlàyé ohun tẹ́ẹ fẹ́ fi ṣe fún ẹnikẹ́ni, ẹni tí ò mọ̀wé kọ náà lè ní kí ẹlòmíì bá òun kọ ọ́. Ẹ má kọ ọ́ pé "ẹ fún wa ní gbogbo ohun tẹ́ẹ ní lórí kùsà ìlú wa," wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Ẹ kọ nọ́ńbà láísẹ́ńsì, ẹ kọ RC, ẹ ní ẹ fẹ́ ẹ̀dà àdéhùn, tọ́ọ̀nù tí ilé iṣẹ́ náà wà láti oṣù báyìí sí oṣù báyìí, àti royalty tí wọ́n san, ní Excel. Ọjọ́ 7 ni òfin fún ilé iṣẹ́ ìjọba tẹ́ẹ kọ̀wé sí láti dáhùn, tí wọ́n bá sì kọ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí ẹ̀ sínú ìwé, ẹ sì ní ọjọ́ 30 láti gbé e lọ sílé ẹjọ́. Torí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti déètì sórí ẹ̀dà tiyín lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá mú lẹ́tà náà lọ.