Wọ́n yọ ojú, àìsàn tún yọ nínú ẹ̀dọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí mẹlanóómà inú ojú

Arábìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba ló fi àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ránṣẹ́ sí mi. Òyìnbó ni aláìsàn tó ń tọ́jú. Ọdún 11 sẹ́yìn ni wọ́n yọ ojú òsì obìnrin náà nítorí jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní mẹlanóómà, ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀, àfi bí àyẹ̀wò ṣe fi hàn lọ́dún yìí pé jẹjẹrẹ kan náà ti wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́ sà, ibo nínú ojú ni irú jẹjẹrẹ yìí ti ń hù?

Ìdáhùn: Awọ mẹ́ta tó wọ inú ara wọn ló para pọ̀ di ẹyin ojú. Ti òde ni funfun líle tí gbogbo wa ń rí, ti inú pátápátá ni rẹ́tínà tó ń gba ìmọ́lẹ̀, èyí tó wà láàárín wọn ni àwọn dókítà ń pè ní uvea. Awọ àárín yìí kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sì ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe mẹlanín, èròjà tó ń mú ara àti irun dúdú. Láti ara sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ni mẹlanóómà ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ní ẹ̀yìn ojú lábẹ́ rẹ́tínà, níbi tí ènìyàn kò lè fi dígí wo ara rẹ̀ dé. Ó máa ń wú rìbìtì ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti já awọ tín-ín-rín tó bò ó mọ́lẹ̀, orí rẹ̀ á fẹ̀, ọrùn rẹ̀ á sì fún, gẹ́lẹ́ bí olú tó hù lára kùkùté. Apá kan ohun tí aláìsàn ń wò lè ṣókùnkùn sí i, ó sì lè má mọ nǹkan kan rárá títí dókítà yóò fi rí i níbi tó ti ń yẹ ojú rẹ̀ wò nítorí awò. Àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni: ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ènìyàn 5 nínú mílíọ̀nù 1 ló ń ní in lọ́dún, àwọn aláwọ̀ funfun ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n ń rí lábẹ́ maikirosíkóòpù?

Ìdáhùn: Ní 1931, George Callender, dókítà ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pín àwọn sẹ́ẹ̀lì àìsàn yìí sí ìsọ̀rí, a sì ń lo ìpín náà títí dòní pẹ̀lú àtúnṣe. Àwọn kan gùn, wọ́n fún ní ìpẹ̀kun méjèèjì bí igi ìrànwú, wọ́n sì tò ti ara wọn bí koríko tí atẹ́gùn tẹ̀ sí ojú kan. Àwọn kejì tóbi, wọ́n rí roboto, wọn kì í di ara wọn mú, kókó kan sì máa ń hàn ketekete ní àárín wọn. Ibi tí irú kejì yìí bá ti pọ̀, ewu ibẹ̀ pọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé oòrùn ló fà á, bíi ti awọ ara?

Ìdáhùn: Ti ẹ̀yìn ojú kò rí bẹ́ẹ̀. Jíìnì ni àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ṣe. Nínú mẹlanóómà awọ ara àwọn òyìnbó, a sábà máa ń rí àpá oòrùn lára àkọsílẹ̀ yìí, a sì máa ń rí àṣìkọ nínú jíìnì tó ń jẹ́ BRAF. Nínú ti ẹ̀yìn ojú, a kì í sábà rí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ní 2009 ni àwọn olùwádìí rí àṣìkọ tirẹ̀ nínú jíìnì GNAQ, ní 2010 wọ́n tún rí i nínú èyí tó dà bí ìbejì rẹ̀, GNA11. Nínú aláìsàn 100, ó lé ní 80 tó ní ọ̀kan nínú méjèèjì. Iṣẹ́ wọn dà bíi ti súwíìṣì iná: sẹ́ẹ̀lì ń tàn án nígbà tó bá yẹ kó dàgbà, á sì pa á. Àṣìkọ náà ló mú kí súwíìṣì há sí títàn. Síbẹ̀, a ń rí àṣìkọ kan náà nínú àmì dúdú inú ojú tí kì í ṣe ẹni tó ni ín ní ibi kankan títí ayé rẹ̀. Òun ló ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kì í ṣe òun ló ń pa ènìyàn.

Ìbéèrè: Kí ló wá ń pa ènìyàn?

Ìdáhùn: Ibí ni ọkàn ọ̀rọ̀ yìí wà. Krómósómù ni okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tí àwọn jíìnì tò sí lára, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n. Méjì ni krómósómù 3 tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa, a gba ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá, a gba ìkejì lọ́wọ́ ìyá. Ní 1996, àwọn dókítà ní ìlú Essen ní Jámánì ròyìn àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí jẹjẹrẹ ojú àwọn aláìsàn 54. Jẹjẹrẹ àwọn 30 ti sọ krómósómù 3 kan nù, ó sì ti tàn kálẹ̀ lára 17 nínú wọn nígbà tí wọ́n fi kọ ìròyìn náà. Nínú àwọn 24 tí tiwọn ṣì pé méjì, kò tàn lára ẹnì kankan. Ẹ wo bí ààlà náà ti mú tó.

Ọdún 14 kọjá kí ìdí rẹ̀ tó hàn. Ní 2010, ikọ̀ dókítà ojú J. William Harbour ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, rí i pé jíìnì kan wà lórí krómósómù 3 tó ń jẹ́ BAP1, àti pé ó ti bàjẹ́ nínú 26 lára jẹjẹrẹ 31 tó jẹ́ irú èyí tí ń tàn kálẹ̀. Ìjánu sẹ́ẹ̀lì ni BAP1. Bí krómósómù kan bá sọnù, ìjánu ku ẹyọ kan. Bí àṣìkọ bá tún ba ẹyọ náà jẹ́, kò sí ohun tó ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró mọ́. Àwọn díẹ̀ ni wọ́n bí pẹ̀lú BAP1 tó ti bàjẹ́, nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni a sì ti ń rí jẹjẹrẹ kíndìnrín, ti awọ ara àti ti awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró. Fún àwọn tó kù, kì í ṣe àjogúnbá.

Ìbéèrè: Wọ́n ti yọ ojú náà. Báwo ló ṣe dé ẹ̀dọ̀ lẹ́yìn ọdún 11?

Ìdáhùn: Ó ti dé ibẹ̀ kí wọ́n tó yọ ojú. Inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí lè gbà jáde láti ẹ̀yìn ojú, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n sì ń fìdí kalẹ̀ sí nínú nǹkan bí 90 lára aláìsàn 100 tó bá tàn lára wọn. Wọ́n lè sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní kíkéré tí àwòrán kankan kò lè mú wọn. Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà fìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Wọ́n pín àwọn aláìsàn 1,317 sí ọ̀nà méjì: wọ́n yọ ojú àwọn kan, wọ́n sì rán àwo kékeré tó ní ìtànṣán mọ́ ẹ̀yìn ojú àwọn yòókù fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 12, iye àwọn tó kú ní ìhà méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ èyí fún aláìsàn yín, nítorí mo mọ̀ pé yóò máa rò pé òun pẹ́ jù kí òun tó gbà kí wọ́n yọ ọ́.

Ìbéèrè: Àmì dúdú pọ̀ lára funfun ojú àwa aláwọ̀ dúdú. Ṣé kí á máa bẹ̀rù?

Ìdáhùn: Mẹlanín lásán ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, pàápàá èyí tó wà lójú méjèèjì tó sì tẹ́jú. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lójú kan, tó ń fẹ̀ tàbí tó ń ga, ni kí ẹ fi han dókítà.

Ìbéèrè: Kí ló kù tí a lè ṣe fún obìnrin yìí?

Ìdáhùn: Oògùn kan wà tó ń jẹ́ tebentafusp, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2022. Ó ń so sẹ́ẹ̀lì agbèjà ara pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì mẹlanóómà kí ó lè pa á. Nínú ìdánwò rẹ̀, 73 nínú aláìsàn 100 ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tó jẹ́ 59 láàárín àwọn tó gba ìtọ́jú mìíràn. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá ní irú HLA-A*02:01, àmì kan lára sẹ́ẹ̀lì tí agbèjà ara fi ń dá a mọ̀, nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún, nítorí náà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn ni kí ẹ béèrè kọ́kọ́. Ẹ tún béèrè bóyá ilé-ìwòsàn tó yọ ojú náà ṣì ní ègé rẹ̀ nípamọ́. Wọ́n sábà máa ń rì í sínú ìda líle, bí àtàǹpàkò ni ó ṣe tóbi mọ. Bó tilẹ̀ ti pé ọdún 11, wọ́n ṣì lè rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí wọ́n sì wò ó bóyá krómósómù 3 rẹ̀ pé.