Ìfohùnṣọ̀kan nínú wíwá dókítà fún ilé-ìwòsàn ìgbèríko ní Amẹ́ríkà

Ìfohùnṣọ̀kan nínú wíwá dókítà ni ètò tí ilé-ìwòsàn máa ń ṣe láàárín ara rẹ̀ kó tó kéde pé àyè iṣẹ́ ṣí sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ alákòóso, ọ̀gá àgbà, àwọn dókítà tó wà nílẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn èèkàn ìlú á jọ pinnu irú ẹni tí wọ́n ń wá, iṣẹ́ tí yóò máa ṣe àti ohun tí agbára wọn ká láti fún un. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń gbé ìgbèríko, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn dókítà Amẹ́ríkà péré ló ń ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 1997 ló dá ẹ̀yà ilé-ìwòsàn kékeré ti ìgbèríko tí wọ́n ń pè ní Critical Access Hospital sílẹ̀. Ibùsùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 25 lọ, ẹ̀ka pàjáwìrì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru. Níbi tí dókítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ti ń pín iṣẹ́ òru láàárín ara wọn, ẹni tuntun kan ṣoṣo lè yí oorun gbogbo wọn padà, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ju ohun tí ẹ̀ka ìgbanisíṣẹ́ nìkan lè dá yanjú.

Ọ̀ràn ìgbẹ̀bí fi èyí hàn kedere. Ìgbìmọ̀ lè fẹ́ dókítà ìdílé tó tún ń gbẹ̀bí, kí àwọn aboyún má baà máa rin ìrìn àjò gígùn. Ṣùgbọ́n ẹni bẹ́ẹ̀ nílò nọ́ọ̀sì tó mọwọ́ ìrọbí lóru, ẹni tó lè fún aláìsàn ní oògùn akunnilóorun, ẹni tó lè ṣiṣẹ́ abẹ bí ọ̀rọ̀ bá di kíákíá, àti dókítà mìíràn tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Bí kò bá sí nọ́ọ̀sì kankan níbi ìpàdé, ó rọrùn láti ṣèlérí ohun tí ilé-ìwòsàn kò ní.

Ọjọ́ tí dókítà tí wọ́n fẹ́ gbà bá wá ṣe ìbẹ̀wò ni àṣírí sábà máa ń tú. Bí ọ̀gá àgbà bá sọ láàárọ̀ pé òru kan nínú mẹ́rin ni dókítà tuntun yóò máa ṣe, tí dókítà kan sì wá sọ nídìí oúnjẹ alẹ́ pé òru kan nínú méjì ni, nítorí ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó wà nílẹ̀ ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ láti kúrò níbẹ̀, kò sí owó oṣù tó lè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Àwọn olùwádìí ní Boise State University, ní ìpínlẹ̀ Idaho, ṣe irinṣẹ́ kan fún irú ìṣòro yìí, Community Apgar. Orúkọ rẹ̀ wá láti ara máàkì tí Virginia Apgar, dókítà ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1953 fún yíyẹ ọmọ tuntun wò. Ìbéèrè rẹ̀ dá lórí nǹkan 50, tí wọ́n pín sí ọ̀nà márùn-ún: ibi tí ìlú wà, ọrọ̀ ajé, bí iṣẹ́ ṣe gbòòrò tó, àtìlẹ́yìn nínú ìṣègùn, àti àtìlẹ́yìn ilé-ìwòsàn àti ìlú. Bóyá ìlú tẹ́ ọkọ tàbí aya dókítà lọ́rùn wà lára wọn. Alákòóso á dáhùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, dókítà á dáhùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọn á sì fi méjèèjì wéra. Àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù wà níbi tí ìdáhùn wọn bá ti yàtọ̀ síra, ju iye máàkì fúnra rẹ̀ lọ.

Ìjọba náà ń dá sí i. National Health Service Corps, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1970, ń bá dókítà san gbèsè ilé-ìwé bó bá gbà láti ṣiṣẹ́ níbi tí dókítà ti wọ́n. Ètò Conrad 30, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti bá àwọn dókítà tí kò ju 30 lọ lọ́dún, tí wọ́n wá kẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú físà J-1, tọrọ kí wọ́n má ṣe padà sílé fún ọdún méjì tí òfin bù fún wọn. Àwọn dókítà ọmọ Nàìjíríà náà ti gba ọ̀nà yìí rí. Ọdún mẹ́ta ni àdéhùn iṣẹ́ wọn. Bó bá pé, dókítà lè kó lọ síbi tó wù ú, nítorí náà àwọn ilé-ìwòsàn kan máa ń jíròrò iṣẹ́ fún ọkọ tàbí aya, ilé-ìwé ọmọ àti ibi ìjọsìn níbi ìpàdé kan náà tí wọ́n ti ń jíròrò owó oṣù.