Throttle tó ń há: ṣé ìdọ̀tí ni àbí ó ti jẹ?

Tẹ́ ẹ bá tẹ ákísẹ́lẹ́rétọ̀, epo kọ́ lẹ̀ ń tẹ̀ o, afẹ́fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wakọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ gan-an ò mọ̀. Nínú àwọn spọ́ọ̀tì káà àtijọ́, bíi Mazda MX-5 tó jáde ní 1989, kébù kan ló ti ibi ẹsẹ̀ yín lọ fa ọ̀pá irin tín-ín-rín kan lára ẹ́ńjìnnì, wọ́n wá fi skúrù kékeré méjì de awo pẹlẹbẹ kan mọ́ ọ̀pá yẹn, awo yìí ni ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ tẹ̀ ẹ́, awo á yí, afẹ́fẹ́ á ya wọlé, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á wá wọn iye tó wọlé kó tó tú epo sí i, bíi kílò 14.7 afẹ́fẹ́ sí kílò 1 epo. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, sípíríǹgì á dá awo padà. Ohun tí wọ́n ń pè ní throttle ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Spọ́ọ̀tì káà MGB ti 1962 ò ní kọ̀ǹpútà, kọ́burẹ́tọ̀ SU méjì tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ ló ń lò, ṣùgbọ́n awo àti ọ̀pá kan náà ló wà nínú ẹ̀.

Bí híhá yìí ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹ máa rọra tẹ̀ ẹ́, kò ní dáhùn, ẹ fi díẹ̀ kún un, ó ṣì dákẹ́, àfi lójijì tó máa já, tí ọkọ̀ á fò síwájú nínú go-slow AYA l'Abuja níbí tí ẹ ò sì ní pète ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá di pé kò padà dáadáa mọ́, sílò, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan tẹ́ ẹ ò bá tẹ nǹkan kan, tó yẹ kó wà ní bíi 850 á lọ jókòó sí 1,500. Tó bá wá há pátá lójú títì Kubwa níbi tí gbogbo ayé ti ń sáré, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì tàbí kẹ́ ẹ yọ jíà sí free, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó le dáadáa, ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ léraléra, torí afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà lẹ́yìn awo yẹn ni búsítà bíréèkì tó ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ fi ń ṣiṣẹ́, tí awo bá ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìwọ̀nba tó kù nínú búsítà ò tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má sì yí kọ́kọ́rọ́ dé ìparí tí ọkọ̀ bá ṣì ń rìn, stẹ́rìn á lọ́ọ̀kì.

Kí mẹkáníìkì tó tú nǹkan kan, ẹ ní kó yọ orí kébù kúrò lára throttle kó fọwọ́ yí i. Tó bá ń yí wẹ́rẹ́, throttle ò ṣẹ̀, kébù ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í já fọ́nrán fọ́nrán nínú, tàbí kó jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ yín lásán ló ń dí i.

Tí throttle fúnra ẹ̀ bá ń há, nǹkan méjì ni. Èyí tó rọrùn ni ìdọ̀tí. Èéfín ọ́ìlì máa ń padà láti inú ẹ́ńjìnnì wá sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́, eruku ọyẹ́ Òkè Ọya tiwa yìí á bá a níbẹ̀, pàápàá fún àwọn tó ti yọ fílítà tó bá ọkọ̀ wá tí wọ́n lọ fi ti ṣakará sí i, ó máa di nǹkan dúdú tó ń lẹ̀ sétí awo. Ẹ tú throttle sílẹ̀, ẹ fi throttle body cleaner àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, sanpépà ò gbọdọ̀ kan inú ẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ kan ti fi nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kun ibẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa jò.

Èkejì ni pé ó ti jẹ. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ di orí ọ̀pá yẹn mú, ẹ má yí i, ẹ mì í lọ sókè sódò. Tó bá ń mì, ihò tí ọ̀pá ń gbà kọjá ti jẹ, nígbà míì ọ̀pá fúnra ẹ̀ náà ti jẹ, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ ẹ máa fi èékánná mọ ibi tó ti ní ojú. Afẹ́fẹ́ tí kọ̀ǹpútà ò kà á máa gba ibẹ̀ wọlé, sílò á máa lọ sókè sódò, ọ̀pá á sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí etí awo á máa ha ògiri ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa fọ̀ ọ́ tán, kó dáa fún ọ̀sẹ̀ kan, kó tún padà síbi tó wà.

Ibẹ̀ ni àwọn kan ti máa ń ba nǹkan jẹ́. Tí wọ́n bá rí i pé sílò ga, skúrù kékeré tó ń dá awo dúró ni wọ́n máa lọ tú. Wọn ò mọ̀ pé skúrù yẹn ni kì í jẹ́ kí awo pa dé jù, tí wọ́n bá tú u, awo á lọ kàn mọ́ ògiri, òun gan-an á wá di ohun tó ń há. Ẹlòmíì á fi fáìlì ha etí awo. Owó yín ti lọ nìyẹn.

Tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, ni ẹ nílò, wọ́n sì wà ní Apo Mechanic Village. Ẹ sàmì sí awo kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, torí wọ́n gé etí ẹ̀ dáńgẹ́rẹ́, ojú kan ṣoṣo ló ń gbà wọlé. Wọ́n ti la ìdí skúrù méjì yẹn tàbí kí wọ́n lù ú kó fẹ̀ kó má bàa tú, ẹ fi fáìlì gé e kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa kán sínú ọ̀pá. Tọ́nà á fẹ ihò, á gbá búṣì bíróǹsì, ìyẹn òrùka tí ọ̀pá á máa yí nínú ẹ̀, sí i, á sì wọn ọ̀pá mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ń dá awo padà, ẹ má tí ì fún skúrù, ẹ jẹ́ kó pa dé lẹ́ẹ̀mélòó kan kó lè wá ojú ara ẹ̀, ẹ gbé e sójú oòrùn kẹ́ ẹ wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá fún un. Skúrù tuntun ni o, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tó ń di skúrù, torí èyí tó bá tú, inú ẹ́ńjìnnì ló ń lọ tààrà.

Wọ́n lè sọ fún yín pé ẹ ra tòkunbọ̀ kẹ́ ẹ sinmi. Kò burú, àmọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́ náà ti gbó bíi tiyín, ẹ di orí ọ̀pá yẹn mú níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ mì í kẹ́ ẹ tó sanwó.