Ibi tí ìpolówó bá pè ni kó já èrò sí

Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò rí ní gáréèjì l'Adó-Èkìtì mọ bó ṣe ń rí. Agbèrò á máa pariwo pé "Ìkéré! Ìkéré! Ó ku ẹnì kan!" Èrò á gbọ́, á wọlé, á sì sanwó. Bí dírẹ́bà bá wá kọjú mọ́tò sí ọ̀nà Ìjerò, wàhálà dé nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò ráyè wo bóyá mọ́tò náà mọ́ tàbí kò mọ́, nítorí èrò Ìkéré ló kó.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì ìkànnì nínú ìpolówó tí wọ́n ń sanwó fún lórí Google kò jìnnà sí èyí. Òfin ibẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ó sì ń súni í kà, ṣùgbọ́n ìdí kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti hù: ibi tí ìpolówó bá pè ni kó já èrò sí.

Ká mú ẹni tó ń ta ìrẹsì Ìgbẹ́mọ l'Adó ṣe àpẹẹrẹ. Ìrẹsì náà lórúkọ ní Èkìtì, àwọn ọmọ Èkìtì tó wà l'Ékòó àti l'Ábùjá sì ń wá a. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ "ra ìrẹsì Ìgbẹ́mọ" sínú Google, èsì méjì mẹ́ta tó kọ́kọ́ yọ lè ní "Sponsored" lórí. Àwọn yẹn ni ìpolówó. Oníṣòwò kì í sanwó pé ojú rí i. Ìgbà tí ẹnìkan bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ni owó ń jáde lápò rẹ̀. GoTo.com, ilé-iṣẹ́ tí Bill Gross dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ló gbé irú ìdíyelé yìí wọ ọjà ní 1998. Google bẹ̀rẹ̀ AdWords tirẹ̀ ní 2000, iye ìgbà tí ìpolówó bá hàn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń gbowó lé lórí. Ó di 2002 kí wọ́n tó yí i sí owó orí títẹ̀. Orúkọ rẹ̀ di Google Ads ní 2018.

Nígbà tó jẹ́ pé ìka ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni owó so mọ́, àdírẹ́sì kúrò ní nǹkan à ń fi ṣeré. Ká ní oníresì yìí ya ₦5,000 sọ́tọ̀ fún ọjọ́ kan, kí títẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì máa jẹ ₦100. Ènìyàn 50 ni owó yẹn lè mú wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí àdírẹ́sì bá ní àṣìkọ lẹ́tà kan péré, ènìyàn 50 náà lè bá ilẹ̀kùn títì, kí owó sì ti lọ.

Àdírẹ́sì méjì ló wà nínú ìpolówó kan ṣoṣo. Ọ̀kan ni ojú ń rí, èkejì ni ìka ń tẹ̀lé. Èyí tí ìka ń tẹ̀lé ni wọ́n ń pè ní Final URL, ìyẹn ojú-ìwé gan-an tí oníbàárà máa bá ara rẹ̀. Ó lè gùn, ó lè burẹ́wà, ó lè kún fún nọ́ńbà àti àmì ìbéèrè: iresiapeere.com.ng/shop/product?id=4471. Kò sí ẹni tó ń wò ó. Èyí tí ojú ń rí ni wọ́n ń tún ṣe bí ọmọ tó ń lọ síbi ìgbéyàwó.

Kí ó tó di 2016, oníṣòwò fúnra rẹ̀ ló ń kọ èyí tí ojú ń rí síbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 35 lọ. Bí wọ́n bá fi kálámù lé ènìyàn lọ́wọ́ pé kó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó kọ orúkọ ẹni tó lórúkọ jù ú lọ. Láti 2016, Google ló ń fúnra rẹ̀ mú orúkọ ìkànnì láti inú Final URL, òun náà ló sì ń gbé e síta. Àyè tó kù fún oníṣòwò jẹ́ ihò méjì péré lẹ́yìn orúkọ náà, lẹ́tà 15 ló sì ń wọ ihò kọ̀ọ̀kan. "iresi-ado-ekiti" wọ inú rẹ̀ géérégé, lẹ́tà 15 pẹ̀lú àmì ìsopọ̀ méjèèjì. "iresi-ijero-ekiti" kò lè wọ̀ ọ́. Lẹ́tà méjì ló fi ṣẹ́kù síta. Ará Ìjerò á fara mọ́ "iresi-ijero", kò sì pàdánù nǹkan kan.

Ohun tó máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ inú ihò méjèèjì yìí kò ní láti jẹ́ ojú-ìwé tó wà lóòótọ́. Ìpolówó lè máa fi iresiapeere.com.ng/igbemo/apo hàn, kó má sì sí ojú-ìwé kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ìkànnì náà. Bí àkọlé ara mọ́tò ni: ó ń sọ ohun tó wà nínú, kì í ṣe òun ló ń wa mọ́tò. Àmọ́ kò gbọdọ̀ purọ́. Ẹni tó kọ "ọ̀fẹ́" síbẹ̀, tí àwọn ènìyàn débẹ̀ tí wọ́n bá iye owó, ti ṣi àwọn oníbàárà lọ́nà, wọ́n sì lè dá ìpolówó rẹ̀ dúró nítorí ẹ̀. Wọn kì í sì í gba àwọn àmì bíi ! * # _ àti @ láyè nínú àdírẹ́sì tí ojú ń rí, wọn kì í sì í gba àdírẹ́sì IP, ìyẹn èyí tó jẹ́ kìkì nọ́ńbà dípò orúkọ.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ síbi orúkọ ìkànnì, dòmíìnì, nítorí òun ni olórí ọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé e gbà. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń ka dòmíìnì bọ̀ sí òsì. Nínú iresiapeere.com.ng, .ng ni ti Nàìjíríà, àjọ NiRA ló ń bójú tó o, com.ng ni àdúgbò. Iresiapeere ni orúkọ tí onílé rà. Bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánudúró, bíi ado.iresiapeere.com.ng, yàrá nínú ilé kan náà ni. Bí ọ̀rọ̀ bá tẹ̀lé e lẹ́yìn ìlà gbọọrọ tó dáyà délẹ̀, ìyẹn /, inú ilé kan náà la ṣì wà. Ṣùgbọ́n iresiapeere.com.ng.ojaapeere.net kì í ṣe ilé oníresì rárá. Ilé ojaapeere ni, ó kàn kọ orúkọ oníresì sára ògiri. Ọgbọ́n tí àwọn oníjìbìtì ń lò sí àwọn oníbàárà báńkì nìyẹn, ojú tó sì yára kì í rí i.

Bí Final URL bá wà lórí dòmíìnì oníresì, dòmíìnì oníresì náà ni ìpolówó máa fi hàn, ibẹ̀ náà sì ni ènìyàn gbọ́dọ̀ bá ara rẹ̀. Ọ̀nà láàárín lè yà díẹ̀. Mọ́tò tó ń lọ sí Àkúrẹ́ láti Adó máa ń gba Ìkéré kọjá, kò sẹ́ni tó ń bínú sí i, nítorí Àkúrẹ́ ló ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oníṣòwò tó fẹ́ mọ iye ènìyàn tó tẹ ìpolówó wọn ṣe máa ń jẹ́ kí títẹ̀ náà gba ọ́fíìsì àwọn tó ń bá wọn kà á. Àyè tirẹ̀ wà fún un lọ́tọ̀, tí wọ́n ń pè ní tracking template. Láti òpin oṣù kẹwàá 2018, lórí ìpolówó inú ìṣàwárí, èrò pàápàá kì í tún yà mọ́: fóònù rẹ̀ ń lọ tààrà sí ojú-ìwé oníresì, ìròyìn kíkà sì ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ lẹ́yìn. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fà ní abúlé kò wá ní ẹrù méjì láti rù.

Ohun tí wọn kò gbà ni kí Final URL fúnra rẹ̀ gbé ènìyàn lọ sí dòmíìnì ẹlòmíràn. Ibí yìí ló ti ń dun àwọn oníṣòwò wa jù, nítorí orí WhatsApp ni wọ́n ti ń tajà. Oníresì á mú línkì wa.me tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àwòrán rẹ̀, á sì kì í bọ inú Final URL. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, wa.me á gbé e lọ sí api.whatsapp.com. Dòmíìnì méjì rèé: èyí tí ìpolówó pè àti èyí tí ẹsẹ̀ tẹ̀. Èsì tí Google máa ń fún un ni "Destination mismatch", ìpolówó á sì dúró. Àwọn línkì tí wọ́n gé kúrú, bíi ti bit.ly, kò yàtọ̀. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí ènìyàn ní ojú-ìwé kan tirẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, kó sì fi bọ́tìnì WhatsApp sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti dé inú ilé lè gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ìyẹn kò kan agbèrò mọ́.

Kí ìpolówó tó jáde, róbọ́ọ̀tì kan tó ń jẹ́ AdsBot á kọ́kọ́ lọ wo ojú-ìwé náà. Bó bá kan ilẹ̀kùn tí kò rí ẹnìkan, tàbí tó bá 404, ìyẹn àmì pé ojú-ìwé náà kò sí, tàbí ojú-ìwé tó kọ "a ń bọ̀ láìpẹ́" sára, kò ní jẹ́ kí ìpolówó ó kọjá. Àwọn kan máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láìmọ̀. Bí àpẹẹrẹ, ẹni tó ṣe ìkànnì fún wọn lè ti ní kó máa lé gbogbo ẹni tí kò bá sí ní Nàìjíríà padà, nítorí ìbẹ̀rù àwọn olè orí afẹ́fẹ́. Ó dára, ṣùgbọ́n róbọ́ọ̀tì náà kò jókòó sí Adó. Fáìlì robots.txt náà wà, tí wọ́n fi ń sọ fún róbọ́ọ̀tì ibi tí kò gbọdọ̀ dé. AdsBot ní tirẹ̀ kì í ka àṣẹ tí wọ́n pa fún gbogbo róbọ́ọ̀tì lápapọ̀ sí ti ara rẹ̀. Àfi kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ gan-an kó tó yà.

Àwọn kan sì gbọ́n jù fún ara wọn: wọ́n á fi ojú-ìwé ìrẹsì han róbọ́ọ̀tì, wọ́n á fi tẹ́tẹ́ han ènìyàn. Èyí kọjá kí wọ́n dá ìpolówó kan dúró. Gbogbo àkáǹtì ni wọ́n máa ń tì, láìsí ìkìlọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àléébù kan wà tó máa ń sá pamọ́ dáadáa. Bí oníṣòwò bá ti gbà kí Google máa fi àmì tirẹ̀ sí títẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gclid= máa ń lẹ̀ mọ́ ìparí àdírẹ́sì nígbà tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ìkànnì kò bìkítà, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí ara wọn kò gbà á, tí wọ́n á sọ pé ojú-ìwé kò sí. Onílé á ṣí i lórí fóònù tirẹ̀, yóò rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, á sì máa bú Google. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ: kí ó kọ ?gclid=idanwo sí ìparí àdírẹ́sì tirẹ̀, tàbí &gclid=idanwo bí àmì ìbéèrè bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó ṣí i, kó wo ohun tó máa yọ.

Lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré náà ń dá irú iṣẹ́ yìí. Nínú dòmíìnì, kò sí ìyàtọ̀, IRESIAPEERE.COM.NG àti ti lẹ́tà kékeré, ilé kan náà ni. Lẹ́yìn ìlà / ni ọ̀rọ̀ yí padà: lórí ọ̀pọ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì dání, /Iresi àti /iresi jẹ́ yàrá méjì, ọ̀kan sì lè má sí.

Ó wá ku ti àmì ohùn. Nínú ọ̀rọ̀ ìpolówó, ènìyàn lè kọ "ìrẹsì" pẹ̀lú ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀, á sì dùn ún wò. Nínú dòmíìnì ńkọ́? Ó ṣeé ṣe níbi tí wọ́n bá ti gbà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á yí i padà sí nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--, tí òbí tó bí i kò ní dá mọ̀. Ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ fi ń bọ́ aṣọ lára ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó rà á. Ẹni tó bá ra "owo", ṣé owó ni, àbí ọwọ́, ọwọ̀, òwò, tàbí ìlú Ọ̀wọ̀? Èkìtì tún ní tiwa nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí "ulé" là ń pe ilé, "uṣu" là ń pe iṣu. Dòmíìnì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ule" á dùn létí ará ilé, ṣùgbọ́n oníbàárà ará Ìbàdàn tó gbọ́ ọ lórí rédíò á kọ "ile", á sì lọ bá ẹlòmíràn.

Bí oníresì bá ní ìkànnì kejì fún gaàrí, kò lè da àwọn méjèèjì pọ̀ sínú ẹgbẹ́ ìpolówó kan. Dòmíìnì kan ni ẹgbẹ́ kan ń gbà. Kó ṣí ẹgbẹ́ mìíràn fún gaàrí, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ìpolówó tí wọ́n bá dá dúró kò kú. Wọ́n á kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ, onílé á tún àdírẹ́sì ṣe, á dá a padà fún àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ nínú àyẹ̀wò náà máa ń parí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ jáde ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, kó má dúró di alẹ́ Sọ́ńdè kó tó ṣe é.