Ohun Tó Wà Nínú 720,720

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí nọ́mbà bá ṣe tóbi tó ni ìṣirò rẹ̀ yóò ṣe le tó. Èmi tí mo ń kọ́ni ní ìṣirò kò gbà bẹ́ẹ̀: ohun tí a fi kọ́ nọ́mbà ló yẹ kí a yẹ̀ wò, kì í ṣe gígùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú 720,720.

Ohun tí ojú kọ́kọ́ rí ni pé 720 ni a kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá kọ nọ́mbà oní-díjíìtì mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra ti fi 1,001 sọ ọ́ di púpọ̀ láìfura, nítorí pé 720,000 àti 720 ló pa pọ̀ níhìn-ín. Bẹ́ẹ̀, 7 lọ́nà 11 lọ́nà 13 ni 1,001. Nítorí náà, ìbáà jẹ́ 358,358 tàbí 904,904, àwọn mẹ́ta yìí yóò pín in láìṣẹ́kù. (Mo máa ń fi èyí ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lẹ́nu, wọ́n á rò pé mo ti há ìdáhùn sórí ni.)

Ó wá ku 720. Bí a bá tú òun náà palẹ̀, a ó rí 2 lẹ́ẹ̀mẹrin, 3 lẹ́ẹ̀mejì àti 5 lẹ́ẹ̀kan. Nọ́mbà práìmù ni gbogbo wọn, ìyẹn nọ́mbà tó ju 1 lọ, tí ohunkóhun kò lè pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Láti ara àwọn práìmù wọ̀nyí, pẹ̀lú 7, 11 àti 13 tí a ti rí lókè, la ti lè kọ́ nọ́mbà kọ̀ọ̀kan láti 2 títí dé 16, nítorí náà gbogbo wọn ló ń pín 720,720 láìṣẹ́kù. Yàtọ̀ sí òdo, kò sí nọ́mbà odidi tó kéré jù ú lọ tó ní ìwà yìí. 17 ló kọ́kọ́ kọ̀, tó sì ṣẹ́ 5 kù.

Iye nọ́mbà tó ń pín in ńkọ́? Kò sí pé à ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. A lè mú 2 láti ìgbà òdo dé ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọ̀nà márùn-ún nìyẹn. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún 3. 5, 7, 11 àti 13 sì ní ọ̀nà méjì-méjì, yálà kí a mú un tàbí kí a fi í sílẹ̀. Bí a bá sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀, 240 ni.

Ẹ wá wo aládùúgbò rẹ̀, 720,719, tó fi ẹyọ kan péré dín. Ẹyọ kan yẹn ti tó láti lé gbogbo wọn jáde: nọ́mbà tó bá pín méjèèjì láìṣẹ́kù gbọ́dọ̀ pín 1 tó wà láàárín wọn, kò sì sí èyí tó lè ṣe é àfi 1 fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń dán an wò láti 2 yóò kùnà títí dé 30, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé práìmù ni, kó tó kan 31. 31 lọ́nà 67 lọ́nà 347 ni, nọ́mbà mẹ́jọ péré ló sì ń pín in láìṣẹ́kù, pẹ̀lú 1 àti òun fúnra rẹ̀.